Ọjọ́ tí Wọ́n Ṣí Ilé Ìgbìmọ̀ Ẹranko

Ẹ̀yin ọmọ mi, etí yín dà? Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀! Etí wa nìyí!"

Igi kan wó dí ẹnu ihò tí àwọn ọmọ Ẹmọ́ wà, odò sì ń kún bọ̀. Ẹmọ́ sáré lọ bá Erin, olórí ilé ìgbìmọ̀, torí ọwọ́jà Erin lè gbé igi náà wẹ́rẹ́. Àfi bó ṣe jẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń ṣí ìjókòó tuntun!

Ẹmọ́ ké pé, "Bàbá, ẹ gbà mí!" Erin ní ọ̀pá àṣẹ ò tíì wọlé. Ọ̀pá wọlé, Ẹmọ́ tún ké. Ọ̀bọ, akọ̀wé ilé, ní àwọn ọlọ́lá ò tíì tẹrí ba fún ọ̀pá tán. Wọ́n tẹrí ba tán, Ẹmọ́ wá fẹkún kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀yin ọlọ́lá, omi dé o,
— Ìlànà ni!
Ọmọ mi ń kú lọ nínú ihò,
— Ìlànà ni!

Orin náà dùn mọ́ wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí Ẹmọ́ máa wá kọ ọ́ lọ́dọọdún.

Ìmàdò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló bi í pé, "Ìyá, níbo ni ihò náà wà?" Ó ju fìlà iṣẹ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ó fi ìwo ẹnu rẹ̀ ti igi náà kúrò. Àwọn ọmọ jáde, wọ́n tutù rin, wọ́n ń gbọ̀n. Ẹmọ́ gbá wọn mọ́ra.

Omi wá ya wọ ilé ìgbìmọ̀. Nígbà tó kan Erin lórúnkún, ó lu tábìlì gbàgà: "Ta ló fún omi láyè láti wọlé?"

Omi ò tilẹ̀ kí i.

Ààlọ́ mi parí síbẹ̀ o. Bí ẹ bá rí irọ́ níbẹ̀, ẹ lọ bi Ìmàdò.