Ẹ̀gbà Idẹ Inú Oko Ìjọba

"Bí ilẹ̀ bá dákẹ́, ó ní agbẹnusọ." Kò sí ẹni tí kì í sọ ọ́ ní ìlú Ìdọ̀gbà wa níbí. Àwọn ọmọdé ń fi í pa ara wọn lẹ́nu mọ́ lórí pápá, àwọn àgbà sì ń fi í parí ìjà oko. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín léèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ lójú mi pé ọba àtijọ́ kan ló sọ ọ́ lórí ẹṣin. Irọ́ pátápátá ni. Òwe náà kò tíì pé ogún ọdún, ó ṣojú mi kòró, mo sì jẹ̀bi díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí.

Ògúnjìmí alágbẹ̀dẹ ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀, Ògúnrìndé, tí òun náà jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sì dìde mọ́. Ìyá rẹ̀, Màmá Fẹ́yìntọlá, ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ogbó dé sí màmá, tí ẹsẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan rí.

Ògúnrìndé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ kan fún un lọ́dún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ó sì gé àmì mẹ́ta sí i nínú. Nígbà náà, màmá ń ṣe lébìrà ní Oko Ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kòkó. Wọ́n á máa di iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n á gbin kòkó sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ ẹ̀gbà náà kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa bà á jẹ́, ó fi í kọ́ ẹ̀ka igi kan, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ọkọ rẹ̀ kú. Obìnrin yìí gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀gbà tó sọnù ló mú ọkọ òun lọ. Ó bẹ̀rù kí àwọn ẹbí ọkọ má lọ gbọ́. Ó wọ ilé opó, ó pa ẹnu mọ́, kò sì padà sí Oko Ìjọba títí ìjọba fi kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò níbẹ̀ tí igbó fi bo gbogbo rẹ̀.

"Jìmí," ni màmá wí, "ọjọ́ ń lọ. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ òfìfo bá bàbá rẹ lọ́hùn-ún. Tí ẹ̀gbà náà bá ṣì wà, kí n rí i kí n tó lọ."

Ó ṣe kòńgẹ́ pé àbúrò bàbá Ògúnjìmí kan tó ń gbé ìlú òyìnbó wá sílé lọ́dún náà, ó sì gbé ẹ̀rọ kan wá. Ẹ̀rọ náà gùn bí ọ̀pá, ó rí pẹrẹsẹ nísàlẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Bí ènìyàn bá ń fì í lórí ilẹ̀, tí irin tàbí idẹ bá wà lábẹ́, yóò máa ké. Ní kété tí Ògúnjìmí rí i, ojú rẹ̀ là. Màmá sì kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Béèrè kí o tó wọ ibẹ̀ o. Mi ò fẹ́ kí o fi ọwọ́ olè bá mi wá ẹ̀gbà ọkọ mi."

Ibí yìí ni ẹ̀bi tèmi ti wọlé. Ògúnjìmí bi mí bóyá ó tọ́ kí ènìyàn gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Mo rẹ́rìn-ín.

"Ta la fẹ́ bi?" ni mo wí. "Ewúrẹ́ tó ń jẹko níbẹ̀? Ìjọba ti gbàgbé ibẹ̀, Jìmí. Ilẹ̀ ìjọba, ilẹ̀ gbogbo wa ni."

Bí a ṣe gba ẹ̀yìn wọlé nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì kan, níbi tí ọgbà ti wó. A fi ẹ̀rọ náà kiri títí òógùn fi bò wá. Ìṣó díẹ̀, ìdérí agolo, àti àdá tó ti dípẹtà ni a rí. Àfi ìgbà tí a dé abẹ́ igi máńgòrò ńlá kan. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ké kíkankíkan, kò dákẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Mo ti gbàgbé ẹ̀gbà màmá, ìṣúra ni mò ń rò.

"Gbẹ́ ẹ!" ni mo pariwo.

Ògúnjìmí gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró. "Akínbọ̀dé, mi ò lè ṣe é. Ohùn ìyá mi wà ní etí mi." Mo bú u dáadáa, mi ò ní purọ́. Mo ní ojo ni. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé èjìká, ó jáde, èmi náà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìkùnsínú.

A rìn yí ọgbà ká dé ẹnu géètì iwájú. Yàrá kan wà níbẹ̀, Bàbá Lámídì ló ń gbé inú rẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà ni bàbá yìí, aṣọ́gbà Oko Ìjọba ni láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ìjọba ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì tipẹ́, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ṣì ń gbá ẹnu géètì náà, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, Ògúnjìmí sì jẹ́wọ́ pé a ti wọlé láìgbàṣẹ.

"Níbo ni ẹ̀rọ yín ti ké?" ni bàbá béèrè.

"Abẹ́ igi máńgòrò ni, Bàbá."

Bàbá ṣí fìlà. "Ẹ gbẹ́ ẹ?"

"Ọkọ́ kan péré, sà."

"Alihamudulilahi!" Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ gbì. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, dùrọ́ọ̀mù mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Oògùn apakòkòrò ni, èyí tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lò mọ́ nítorí pé ó ń pa ènìyàn. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe rì í mọ́lẹ̀. Lọ́dún tí ọ̀gbàrá hú ibẹ̀ síta díẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta tó jẹ koríko ibẹ̀ kò dé ilé olówó wọn."

Ewúrẹ́ tí mo fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn ló ti fi ẹ̀mí wọn dáhùn ìbéèrè mi. Lónìí yìí, bí mo bá mu omi tútù lówùúrọ̀, mo máa ń dúpẹ́ fún ọkọ́ kejì tí Ògúnjìmí kò sọ sílẹ̀.

Bàbá Lámídì ní òun kò lè fún wa láṣẹ, nítorí òun kọ́ ló ni ilẹ̀. Ó ní kí a lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni Ògúnjìmí lọ. Ìyáàfin Adétòún tó wà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀ sọ fún un pé kò sí ìwé òfin kankan lọ́wọ́ òun tó dárúkọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àìlò kò sọ ilẹ̀ di aláìlólúwa. Ó ní kó dí gbogbo ihò tó bá gbẹ́, kó má sì mú ohun àtijọ́ kankan tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ó ní kó kọ ohun tó ń wá gan-an sínú ìwé náà. Èyí bí Ògúnjìmí nínú, nítorí àṣírí ìyá rẹ̀ ni. Síbẹ̀ ó kọ ọ́: ẹ̀gbà idẹ kan, àmì mẹ́ta nínú rẹ̀.

Nígbà tí a mú ìwé náà dé, ojú Bàbá Lámídì kò ríran kàwé mọ́. Ó ní kí Ògúnjìmí kà á sókè. Bó ti ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, bàbá gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró. Ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Agolo mílíìkì kan ló gbé jáde. Kọ́kọ́rọ́ mélòó kan wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan bàtà ọmọ ọwọ́, gíláàsì ojú tó ti fọ́, àti ẹ̀gbà idẹ kan tó ń dán.

"Ọ̀gá wa sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ni bàbá wí, "pé ohun tí mo bá rí lórí ilẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Kí n pa á mọ́ de olówó rẹ̀. Mo fi èyí han gbogbo àwọn lébìrà nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, kó má bàa dípẹtà kí olówó rẹ̀ tó dé. Kò sí ẹni tó wá béèrè rí."

Ògúnjìmí, ọkùnrin alágbẹ̀dẹ tí kì í sunkún bí iná bá jó o, sunkún bí ọmọdé. Èmi náà ń nu ojú mi bí ẹni pé eruku kó sí i.

Màmá Fẹ́yìntọlá fi ìka wá àmì mẹ́ta náà nínú ẹ̀gbà, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí a gbé òun lọ bá aṣọ́gbà. Orí alùpùpù mi ni a gbé e sí, Ògúnjìmí dì í mú lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, ó fẹ́ kúnlẹ̀, bàbá sì dì í mú.

"Bàbá," ni màmá wí, "mo rò pé mo ti sọ ọkọ mi nù nínú oko yín. Àṣé ẹ̀ ń bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Ilẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀, Ìyá Jìmí," ni bàbá dá a lóhùn. "Èmi kàn ń gbẹnu sọ fún un ni. Bí ilẹ̀ bá dákẹ́, ó ní agbẹnusọ."

Ẹnu Bàbá Lámídì ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹnu mi ni ìlú sì ti gbọ́ ọ, nítorí pé mo sọ ọ́ kiri títí ó fi sú wọn tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ ọ́. Nísinsìnyí, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ na ọwọ́ sí ohun tó dà bíi pé kò ní olúwa, bóyá ilẹ̀ ni, tàbí ilé tí wọ́n pa tì, tàbí ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀ sí gbọ̀ngàn, wọ́n á ní, "Bí ilẹ̀ bá dákẹ́, ó ní agbẹnusọ." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó kọ́kọ́ béèrè. Ìjọba ti wá wú àwọn dùrọ́ọ̀mù náà lọ. Màmá ti sùn, ẹ̀gbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Lámídì náà ti lọ. Èmi ni mò ń gbá ẹnu géètì náà báyìí, agolo mílíìkì sì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá ni bàtà ọmọ ọwọ́ yẹn, kó wá béèrè.