Ẹ̀gà Kọ́lé sí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ìjọba

Rọ́kẹ́ẹ̀tì ìjọba pẹ́ lórí ìdúró débi pé ẹyẹ ẹ̀gà kọ́lé sí i lára. Bí mínísítà kan bá ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá tẹ̀ lé e á ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Sátẹ́láìtì tó yẹ kó gbé lọ ti di ilé eruku. Síbẹ̀, nígbà tí Tinúadé, ọmọ iṣẹ́ Ẹnjiníà Ajíbóyè, àgbà tó ń bójú tó rọ́kẹ́ẹ̀tì ìjọba náà, lọ bá àwọn oníṣòwò ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn ní òdìkejì odò, inú bí bàbá náà gidigidi.

"Ṣé ọ̀run náà ti wá di ọjà ni?"

Lọ́jọ́ tí àwọn oníṣòwò máa yin tiwọn sókè, ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ìjọba ni Ajíbóyè jókòó sí, ó kẹ̀yìn sódò. Àfi bí ilẹ̀ ṣe mì tìtì! Ó yíjú padà. Iná ń gun òkè lọ réré bí oòrùn kejì. Ẹ̀gà tú jáde lókè orí rẹ̀, wọ́n bo sánmà, ẹyọ kan ò sì kọlu èkejì. Fìlà bàbá já bọ́, kò mọ̀.

Nígbà tó yá, Tinúadé sáré dé láti òdìkejì odò, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá mi."

"Dìde, ọmọ mi. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Láti kékeré ni mo ti ń pa á lówe, òní ni mo tó fojú rí i." Ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀. "Ṣé èyí tó kàn lè gbé sátẹ́láìtì wa?"

"Bàbá, sátẹ́láìtì yín la kọ́kọ́ wọ̀n ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì wa, kó lè gbé e."