Pàṣán Tí Ìyàwó Ń Fi Àdín Pa

Ìwọ tó ń gbọ́ igbe lẹ́yìn ògiri, tó o sì ń bá ata lílọ̀ rẹ lọ, ta lo rò pé ìyà yẹn ń dúró dè?

Mopélọ́lá rò pé kò dúró de òun. Ọmọbìnrin gíga, ọlọ́yàyà, ni wọ́n gbé wọ agboolé àwọn apẹja létí odò. Ó bá ìyálé kan níbẹ̀, Ẹfúnyẹmí, obìnrin kúkúrú tí ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹja yíyan niṣẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀. Òkè iná ni àjà wà, orí àjà ni wọ́n ń to ẹja sí kó lè gba èéfín. Ibẹ̀ náà ni pàṣán àtòrì ọkọ wọn, Bàbá Ọ̀kẹ́, ń gbé, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bí ẹja bá jóná, yóò béèrè pàṣán. Bí iyọ̀ bá pọ̀, yóò béèrè rẹ̀. Ẹ̀yìn Ẹfúnyẹmí ló sì ń gbà á.

Ní agboolé yẹn, ẹni tó bá ń dáná ẹja ló ń tọ́jú gbogbo ohun tó wà lórí àjà. Nígbà tí iná ẹja kan Mopélọ́lá, wọ́n ní kó máa fi àdín pa pàṣán náà, kó má baà gbẹ kó sì dá. Ó ń pa á dáadáa, bí ẹni ń pa òrí sára ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ kan, iyọ̀ ọbẹ̀ Ẹfúnyẹmí pọ̀ díẹ̀.

"Ìyàwó," ni ọkọ wí, "ìwọ lọwọ́ rẹ gùn. Bá mi mú un."

Mopélọ́lá nawọ́ sókè, ó mú un. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé kí á máa gbé nǹkan fún ọkọ. Níta, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín. "Iyọ̀ tún ti bá ìyálé jà o!"

Nígbà tí nínà náà tán, Ẹfúnyẹmí di èjìká rẹ̀ mú. "Ìyàwó mi, ti igi yẹn bọná. Ìwọ lo ń dáná ẹja báyìí. A ó ní kòkòrò ló jẹ ẹ́."

"Ẹ má bínú, ìyálé mi. Ohun tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú ni." Ẹ̀rín fẹ́ pa á. "Ẹ kúkú máa tọ́ ọbẹ̀ yín wò. Ta ni yóò na èmi tí wọ́n gbé wọlé lánàá òde yìí?"

"Ṣé ìyálé ni wọ́n bí mi ni? Wọ́n kọrin ìyàwó fún èmi náà."

Òjò dé, odò kún, igi tó ń ṣàn bọ̀ fa àwọ̀n ọkọ wọn ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Ọkọ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà láìní ẹja kan lọ́wọ́. Mopélọ́lá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ọbẹ̀ dùn, iyọ̀ ṣe déédéé. Ó jẹ ẹ́ tán pátá. Inú ìyàwó ń dùn, kó tó rí i pé àjà ló ń wò.

"Bàbá Ọ̀kẹ́, kí ni mo ṣe?"

Ọkọ fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sókè mú pàṣán. Àtòrì náà kò dá. Àdín ti wọ̀ ọ́ lára. Mopélọ́lá ké títí ohùn rẹ̀ fi há, àwọn obìnrin ìta sì ń lọ ata. Wọ́n tún tẹ ọlọ gan-an kí ariwo rẹ̀ lè bo igbe. Ẹfúnyẹmí nìkan ló wọlé, ó fi ara dí i, ó sì jẹ nínú pàṣán náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Mopélọ́lá di ẹrù. Olórí agboolé pe gbogbo ilé jọ, nítorí ẹ̀gàn ni kí ìyàwó tuntun kó jáde.

"Ta ló jẹ̀bi?" ni bàbá náà béèrè.

"Odò ni, Bàbá. Odò ló ṣahun," ni ará ilé kan wí.

"Ẹnu ìyàwó yìí náà mú jù," ni òmíràn wí.

"Àbí ẹmu ló mu ni?"

"Ẹ ò rí i," ni bàbá wí, "kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ìyàwó, lọ tú ẹrù rẹ."

Ọkọ jókòó síbẹ̀, ó ń run pákò bí àlejò tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Lójú àwọn ará ibẹ̀, nínà kì í ṣe ìjà, ìkọ́ni ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó bá pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, wọ́n ní ó ti na ọkọ nìyẹn; ìdí nìyẹn tí àwọn ìyàwó méjèèjì fi ń pe ọkọ wọn ní Bàbá Ọ̀kẹ́. Mopélọ́lá dìde.

"Odò kò lọ́wọ́. Ẹmu kò lọ́wọ́. Èmi ni mo fi àdín pa á, èmi ni mo gbé e fún un nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyálé mi ló ń gbà á. Ẹ̀yin ń lọ ata. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó nà wá, ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn tó ń run pákò. Láníyọnu ni."

Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹfúnyẹmí kò bo tirẹ̀.

"Láníyọnu ni," ni òun náà wí.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.