Tábà Baba Ládépò àti Ikọ́ Ọmọ Tuntun

Ìgbà tí Baba Ládépò ṣì ń bá ìyá rẹ̀ ru iṣu lọ sọ́jà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń pe àwọn ìyálọ́mọ padà lójú ọ̀nà pé, “Tún ọmọ yẹn pọ̀n!”

Nígbà tí ìyàwó Ládépò, ọmọ rẹ̀, bí Àlàní, ayọ̀ baba àgbà kún. Láràárọ̀ ni yóò gbé ọmọ náà lé àyà, tí yóò máa pe oríkì rẹ̀, tí ìkòkò tábà yóò máa rú túú lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ikọ́ fi dé. Ọmọ ń mí gúlegúle, kò lè mu ọmú. Ìyá rẹ̀ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn. Bí wọ́n ti ń wọlé ni baba gbaná jẹ: “Ta ló gbé ọmọ mi jáde nínú ọyẹ́?” Èéfín sì ń bá ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Ládépò, aya rẹ̀, tó bá wọn lọ, dáhùn pé, “Baba Ládépò, nọ́ọ̀sì ní kòkòrò ló fa ikọ́, ṣùgbọ́n èéfín tábà ló ṣílẹ̀kùn àyà ọmọ fún un. Orí tó wọ́ lọ́jà lẹ̀ ń rí, ẹ ò rí èyí tí ẹ̀yin ń mú wọ́ nílé.”

“Kí wọ́n tó bí nọ́ọ̀sì yẹn ni mo ti ń mu tábà!”

“Ó dáa. Ẹ máa pe oríkì tábà, ká wò ó bóyá á rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹ ò ní gbé Àlàní mọ́.”

Baba jáde lọ sáàtàn, ó fọ́ ìkòkò mọ́ òkúta, ó da tábà nù, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí ikọ́ lọ tán, wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ariwo oríkì sì gba àdúgbò.

Ohun tí ilé náà pàdánù kò ju ìkòkò tábà kan àti ewé tábà ẹ̀kún àpò kan lọ.