Ọ̀nà Alátáìlì Tí Wọ́n Ṣe fún Mojíbádé

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀ràn tó ń ṣàkóso gbọ̀ngàn eré ìlú kan fá ti Mojíbádé. Olórin ni, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti ń kọrin, ó sì ti pẹ́ tó ti ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa pè é. Wọ́n pè é lóòótọ́ pé kó wá kọrin lọ́jọ́ ọdún ìlú, wọ́n sì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́ fún un dé orí ìtàgé. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, wọ́n tún wá fi táìlì dídán tẹ́ ẹ, kó lè rẹwà nínú fọ́tò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mojíbádé gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ̀kẹ́ yọ̀ padà sẹ́yìn.

“Mojí, má ba ọdún jẹ́ fún wa,” ni Olóyè Adégòróyè, alága wọn, wí látorí ìtàgé. “Jẹ́ kí àwọn géńdé gbé ọ.”

“Ṣé àpò ìrẹsì ni mí ni, Olóyè? Kẹ̀kẹ́ ta lẹ fi dán an wò kí ẹ tó lẹ táìlì?”

Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn àwọn èrò, ó gbé orin. Gbogbo èrò yí àga wọn sí i. Olóyè àtàwọn ọ̀mọ̀ràn rẹ̀ jókòó lókè níbẹ̀, wọ́n ń wo ìpàkọ́ ará ìlú títí orin fi parí.