Ìdí Tí Ètò Kọ̀ǹpútà Fi Ń Béèrè Ilé Kó Tó Sọ Ẹrù Kalẹ̀

Nígbà kan, láyé ìgbà tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀nà, ètò kan wà tó ń jẹ́ Agbérù. Dìméjì ló kọ ọ́. Ìbàdàn ni Dìméjì ń gbé, inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ni wọ́n bí Agbérù sí.

Inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan dà bí ìlú. Ó ní òpópónà, ó ní ilé, ó sì ní Olùṣọ́ tó mọ ibi tí gbogbo ará ìlú ń gbé. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà náà ní ilé tirẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ń kó àwòrán, orin àti iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Ìlú Pẹ́ńgúìnì ni wọ́n ń pe ìlú tí Agbérù ti wá, nítorí ẹyẹ pẹ́ńgúìnì tó jẹ́ àmì irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Òpópónà Ilé ni gbogbo ilé wà níbẹ̀. Tó o bá ń wá Dìméjì, wàá gba Òpópónà Ilé, wàá sì wá ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ Dìméjì sí. Agbérù rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn.

Iṣẹ́ rere ni Agbérù ń ṣe. Ìyá Dìméjì, Màmá Àríkẹ́, ń gbé ní Ṣakí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, màmá máa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀. Á kí àwọn ọmọ rẹ̀, á ki oríkì wọn, á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Agbérù á wá gbé ohùn màmá lọ sílé Dìméjì, Dìméjì á sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń dáná.

Dìméjì ní àbúrò obìnrin kan, Fadérera, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Kàdúná nítorí iṣẹ́. Òun náà fẹ́ máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Dìméjì bá ní kí Agbérù máa gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà àbúrò òun.

Ṣùgbọ́n ìlú Fèrèsé, irú kọ̀ǹpútà mìíràn, ni kọ̀ǹpútà Fadérera. Agbérù débẹ̀, ó wá Òpópónà Ilé títí, kò rí i. Olùṣọ́ ìlú jókòó sẹ́nu ibodè, Agbérù kò tiẹ̀ kí i. Ó ní òun mọ bí ilé ṣe ń rí. Ó lọ la Òpópónà Ilé tuntun sínú igbó ẹ̀yìn ìlú, ó kọ́ yàrá kan síbẹ̀, ó kọ Fadérera sára ilẹ̀kùn, ó sì gbé ohùn màmá sínú rẹ̀. Ó padà lọ sọ fún Dìméjì pé òun ti jíṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohùn màmá ń pọ̀ sí i nínú yàrá tí ẹnì kankan kì í wọ̀.

Fadérera ń yẹ ilé rẹ̀ inú kọ̀ǹpútà wò, kò rí nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ màmá dí ni. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bà á nínú jẹ́. Ó ní bóyá màmá ń bínú pé òun lọ jìnnà. Ni kò bá pe màmá mọ́. Màmá náà, tó ń sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kò dáhùn, jókòó sí Ṣakí, ó ń rò ó pé kí lòun fi ṣẹ̀ ẹ́.

Dìméjì ló pe àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ní kí ló dé tí kì í dá màmá lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Fadérera dáhùn, "màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti dé ibí."

Ẹnu ya Dìméjì. Ó rán Agbérù padà pé kó lọ wo ibi tó ń gbé ẹrù sí.

Lọ́tẹ̀ yìí, Agbérù lọ bá Olùṣọ́, ó kí i, ó sì béèrè Òpópónà Ilé. Olùṣọ́ ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú àwọn, àfi èyí tí àlejò kan lọ là sínú igbó.

"Ta lò ń wá gan-an?" Olùṣọ́ bi í.

"Fadérera ni mò ń wá, ẹ jọ̀ọ́."

"Àdúgbò Àwọn Aṣàmúlò, níbi tí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ń gbé, nilé rẹ̀ wà. Má béèrè òpópónà lọ́wọ́ mi mọ́. Dárúkọ èèyàn fún mi, màá fi ilé rẹ̀ hàn ọ́."

Ojú ti Agbérù. Ó padà sínú igbó, ó kó gbogbo ohùn màmá jáde, ó sì kó wọn lọ sílé tí Olùṣọ́ fi hàn án.

Nígbà tí Fadérera dé láti ibiṣẹ́, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì bá ilé rẹ̀ níbẹ̀ tó ti kún fún ohùn màmá. Ó tẹ ti àkọ́kọ́, ohùn màmá jáde, ó ń ki í. Ó tẹ òmíràn, màmá ń sọ nípa ewúrẹ́ aládùúgbò tó bí ìbejì. Fadérera jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó pe Ṣakí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ màmá, ó ní òní ni ọ̀rọ̀ màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òun.

Màmá ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Dìméjì yọ Òpópónà Ilé kúrò lórí Agbérù, ó fi ìbéèrè sí i dípò. Nígbà tí Agbérù dé ìlú Ápù, irú kọ̀ǹpútà kẹta, ó béèrè. Nígbà tó padà sí ìlú Pẹ́ńgúìnì tí wọ́n bí i sí, ó béèrè níbẹ̀ náà. Olùṣọ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa tó béèrè, nítorí Dìméjì ti kó kúrò ní Òpópónà Ilé lọ síbi tó gbòòrò.

Láti ọjọ́ náà ni ètò kọ̀ǹpútà tó bá ní ẹ̀kọ́ kì í ti há ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni sórí mọ́. Ìlú yòówù kó wọ̀, Olùṣọ́ ló máa kọ́kọ́ kí, á dárúkọ ẹni tó ń wá, á sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo nilé rẹ̀?" Ìgbà tí wọ́n bá dá a lóhùn ló tó ń sọ ẹrù kalẹ̀.