Ọkọ̀ Tí Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Kọ́kọ́ Wọ̀

Ọkùnrin kan wà, dírẹ́bà ni, ọkọ̀ elérò méje ló fi ń ná abúlé sí ìlú. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àmọ́ ó mọ̀ pé èrò kì í fẹ́ wọ ọkọ̀ tó ṣófo, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ni yóò jókòó pẹ́ jù. Ló bá ní kí ọ̀rẹ́ òun méjì máa jókòó sínú ọkọ̀ bí èrò, òun a wá máa ké pé, "Ó ku díẹ̀ kó kún o!" Bí èrò bá ti ń wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ a yọ́ bọ́ sílẹ̀, wọ́n á láwọn fẹ́ lọ tọ̀.

Kò pẹ́ tí èrò fi gbọ́n. Wọ́n á dúró sábẹ́ igi, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà bí ẹni tí kò re ibì kankan, wọ́n á sì máa fi ojú kan ṣọ́ ọkọ̀. Kálukú ń sọ nínú ara rẹ̀ pé kí ẹlòmíì wọ̀ ná. Dírẹ́bà ń tan èrò, èrò náà ń tan dírẹ́bà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan dé. Wọ́n ti pè é láti ọsibítù ìlú pé iṣẹ́ abẹ ni ọmọ rẹ̀ yóò fi bímọ, pé ọ̀sán làwọn máa ṣe é, ọmọ sì ń sunkún pé àfi kóun kọ́kọ́ fojú kan ìyá òun. Ìyá yìí náà lọ dúró sábẹ́ igi. Má bínú sí i, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Èèyàn mẹ́fà ló bá níbẹ̀, òun ló ṣìkeje. Ọkọ̀ ti kún lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Oòrùn ń gòkè. Nígbà tó yá, ìyá ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èrò òfegè yẹn.

Ó ní, "Dírẹ́bà, mo mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí ò lọ síbì kankan. Mo wọ̀ ná. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi, ó sì ń pè mí."

Ojú ti dírẹ́bà. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó wá kọjú sí abẹ́ igi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ mi ṣófo. Ìyá yìí nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ń kánjú."

Háà! Àwọn mẹ́fà tí wọn ò mira láti àárọ̀ ló rọ́ wọlé. Ìyá bá ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Adégbìtẹ́, àbúrò mi àtàtà, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìyàwó rẹ ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìwọ ń retí kó kọ́kọ́ pè, òun náà ń retí ẹ. O wá ń rẹ́rìn-ín káàkiri àdúgbò bíi pé nǹkan kan ò ṣe ọ́. Ta lò ń tàn, olórí kunkun? Mo fẹ́ràn ẹ ju kí n máa wò ẹ́ níran lọ. Èmi Mojírádé ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ tó, má rò ó mọ́. Pe ìyàwó rẹ báyìí tí mo jókòó tì ẹ́, kí o sọ fún un pé ilé ṣófo.